Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Jọ̀ọ́

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ní Kétu, olórí kunkun ni àwa tí à ń lo Linux lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán ni àwọn ẹlòmíì ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ojú tiwa dúdú bíi kóró iṣin, ọ̀rọ̀ lèèyàn máa tẹ̀ sí i bí ẹni ń ránṣẹ́. Mo sì lọ gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kan fún Daddy mi ní Alápẹ̀rẹ̀, mo kọ́ wọn ní àṣẹ tó ń gbé orin ìyìn jáde.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, wọ́n ní kò gbọ́ràn. Mo wò ó: wọ́n ń tẹ "jọ̀ọ́" ṣíwájú gbogbo àṣẹ, ẹ̀rọ sì ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

"Daddy, ẹ̀rọ ni. Ẹ kàn pàṣẹ fún un."

"Ìwọ tí mo bí, ṣé mo rán ọ níṣẹ́ rí láìsọ pé jọ̀ọ́?"

Inú ń bí mi, ẹ̀rín ń pa mí. Mo jókòó, mo kọ ìlà àṣẹ kan sínú ẹ̀rọ náà tó ń gba jọ̀ọ́, joo àti jọ̀wọ́, bó ṣe wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kìkì àkámọ́, ìràwọ̀ àti àmì ìbéèrè, bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Kò pẹ́ tí èmi tí mo kọ ọ́ ò fi lè kà á mọ́.

Daddy ti di olóògbé. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo bá rà, mo máa ń da ìlà yẹn kọ sínú rẹ̀, láìyí ohunkóhun padà. Mo wá kọ òmíràn tì í: bí mi ò bá kọ́kọ́ tẹ jọ̀ọ́, kó má dá mi lóhùn.