Àwo Dígí Tí Kì í Padà Lófìfo

Bí Arvella Stidham bá gbé oúnjẹ fún ẹ, tí o wá dá àwo rẹ̀ padà lófìfo, kò ní bá ẹ jà. Á kàn rò ẹ́ pin ni. Ní àfonífojì tiwọn ní Kentucky, àwo tó bá gbé oúnjẹ lọ gbọ́dọ̀ gbé nǹkan bọ̀, ì báà ṣe ápù mẹ́ta. Obìnrin yìí ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, opó ni, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ kò sí òkú tí wọ́n sin, kò sí ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀, tí oúnjẹ rẹ̀ kò dé. Ó mọ gbogbo àwo rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ. Ọ̀dà èékánná pupa ló fi ń ṣàmì sí ìdí wọn. Ọ̀dà ọ̀hún ò kan èékánná rẹ̀ rí látìgbà tó ti rà á.

Nígbà tó di àsìkò òtútù, àwọn ọ̀gá ní Washington jà lórí ìnáwó, wọ́n bá ti ìjọba pa bí ẹni ti ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tó fi kan káàdì oúnjẹ tí ìjọba máa ń fi owó sí lóṣooṣù fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu. Arvella pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀ ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un pè, bóyá ẹ̀rọ á ti ronú pìwà dà.

Ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ àti ápù igi ẹ̀yìnkùlé ló kù nílé. Ṣọ́ọ̀ṣì ń pín oúnjẹ nínú páálí, kò lọ. Òun tó jẹ́ pé òun ló ń bá wọn dì í fún àwọn ẹlòmíì, ojú wo ló fẹ́ fi wá tò? Ó ń se ápù mu bíi tíì títí igi ìdáná fi tán, ó ń sọ pé ebi ò pa òun. Ìgbéraga kì í yó èèyàn, àmọ́ ta ló máa sọ fún un?

Harlis ló ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ṣọ́ igbó ìjọba kó má bàa jóná. Òun náà ti gba lẹ́tà pé kó jókòó sílé láìgbowó, kó má ṣiṣẹ́, kódà lọ́fẹ̀ẹ́. Igi kan wó dí ọ̀nà igbó, ojoojúmọ́ ló ń wò ó, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Arvella ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba ti wá rí i pé igi lè dàgbà láìsí Harlis.

Èéfín ni Harlis fi ọgbọ̀n ọdún wò jẹun. Ìgbà tó wò ó tí èéfín ò jáde láti ilé ìdáná Arvella fún ọjọ́ mẹ́rin, ó bọ́ sídìí ààrò tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó gbé àwo dígí kan dé ẹnu ọ̀nà Arvella.

Ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mama. Àwo yín rèé. Èyí tẹ́ ẹ fi gbé oúnjẹ wá nígbà tí mo dá lẹ́sẹ̀.”

Arvella gba àwo, ó gbé e sókè, ó yọjú wo ìdí rẹ̀. Kò sí pupa níbẹ̀.

“Harlis, kì í ṣe tèmi.”

“Tiyín ni, mà. Bóyá ọ̀dà ẹ̀ ti ṣí.”

“Ọ̀dà mi kì í ṣí.”

Òórùn ẹ̀wà àti ẹran àgbọ̀nrín ń jáde lábẹ́ ọmọrí. Ikùn obìnrin náà kùn débi pé ajá rẹ̀ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà gbórí sókè. Ó ṣe bí ẹni pé ajá ló kùn. Ó na àwo padà sí Harlis, àmọ́ Harlis ti kó ọwọ́ sápò.

Ó ní, “Mama, èéfín yín ti dá láti ọjọ́bọ̀. Èéfín ni mo mọ̀ ọ́n wò, mi ò mọ irọ́ pa.”

Arvella gbé àwo kalẹ̀. Ó ṣí ọmọrí, ó mú hóró ẹ̀wà kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ títí.

“Ta ló kọ́ ẹ ní ẹ̀wà sísè? Òkúta odò lo bù wá yìí. Wọlé, lọ sẹ́gi wá, ká tún un sè.”

Wọ́n jọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo, kò kù sílẹ̀ fún ajá. Lọ́jọ́ kejì, àwo padà sọ́dọ̀ Harlis pẹ̀lú ápù díndín. Ó tún padà wá pẹ̀lú ẹran. Báyìí ni àwo kan ṣoṣo ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé méjèèjì, kò padà lófìfo rí, títí ó fi rẹ àwọn ará Washington tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ìjọba padà.

Lọ́jọ́ tí owó wọ káàdì, Arvella dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ó ra adìẹ, ó sè é tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Kó tó bù ú, ó dojú àwo dígí náà délẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa ṣàmì sí ìdí rẹ̀, ó fẹnu fẹ́ ẹ títí tó fi gbẹ. Harlis ti ń múra àtilọ gé igi ojú ọ̀nà.

Arvella gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, “Àwo mi nìyí o. Rí i pé o dá a padà.”

Ọjọ́ kẹta ló gbé e dé. Ẹ̀wà ni. Ó ṣì le bí òkúta.