Kanbe, Ìbòmú Ẹ̀, àti Ẹ̀yìn Horii

Mo tún sọ fún un pé kó yọ ìbòmú yẹn tàbí kó jáde nínú omi. Ó ní òun ò yọ, òun ò sì jáde. Ẹ wo bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó jókòó sínú omi gbígbóná dé ọrùn, ó ká táwẹ̀lì lé orí, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́, àfi ìbòmú funfun lójú. Ìbòmú náà ti rin gbingbin. Tó bá mí sínú, á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bí ọ̀rá. Tó bá mí síta, á wú. Ó ń dún fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀.

“Bàbá Kanbe,” mo ní, “ẹ máa dákú síbí, èmi ni wọ́n sì máa ní kó wá gbé yín jáde.”

Ó na ìka kan sókè pé kí n panu mọ́. Aago ara ògiri ló ń wò.

“Ìdánwò ni mò ń ṣe,” ó ní. “Má dí mi lọ́wọ́.”

Àwọn oníbàárà tó wà nínú omi pẹ̀lú ẹ̀ ti sún lọ sí igun kejì, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Mi ò bá wọn wí. Oṣù kẹta là ń sọ yìí, nígbà tí àwọn igi kédà orí òkè máa ń tú eruku sáfẹ́fẹ́, tí ìdajì ìlú Sakai á máa sín, tí gbogbo ojú á wà nínú ìbòmú. O ò lè mọ ẹni tó ń dáàbò bo ara ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń dáàbò bo ìwọ, o ò sì lè bi í. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ ti Kanbe. Eruku igi ò ṣe é rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó sì máa ń fi yangàn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Tí Kanbe bá wọ ìbòmú, ọ̀fìnkìn ti mú un nìyẹn, tirẹ ló ń rò. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ wọnú omi.

Màmá àgbà mi, tí wọ́n ni ilé ìwẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ti ń wẹ̀ yìí, ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí àga gíga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, láàárín ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin àti ẹ̀gbẹ́ obìnrin. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń jókòó síbẹ̀, kò sí ìhòòhò tó tún lè yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, “Shungo, yọ nǹkan yẹn lójú Isao, tàbí kó o yọ Isao fúnra ẹ̀.” Isao ni wọ́n máa ń pe Kanbe.

Kò di pé mo yọ ẹnikẹ́ni. Ìbòmú náà lẹ̀ pátápátá, èémí ò kọjá mọ́, bàbá bá fò dìde, ó sá lọ sí yàrá ìmúra, ó ń wúkọ́ bí ewúrẹ́. Ó yọ ìbòmú tútù, ó fa òmíràn tó gbẹ yọ nínú náílọ̀n, ó wọ̀ ọ́ kó tó wá aṣọ tó máa fi bo ìdí.

“Kò pẹ́ tó,” ó ní. “Nínú ooru yẹn, kò pẹ́ tó láti fi fọ ẹ̀yìn èèyàn.”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọ̀rọ̀ Horii, ọ̀rẹ́ ẹ̀, ni. Inú mi ò dùn rárá, torí mo mọ̀ pé wàhálà náà ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Kanbe jẹ́, kẹ́ ẹ lè bá mi káàánú ara mi. Ilé ìdáná ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ kọ́rì níbẹ̀, èèyàn méjì lè jókòó sínú ẹ̀. Omorogùn ibẹ̀ dà bí àjẹ̀ ọkọ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n tó dáná, gbogbo wọn á tò síwájú ọ̀gá, oníkálukú á sọ bóyá ọ̀fun ń dun òun, bóyá inú ń run òun. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á yí padà lọ sílé. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí àwíjàre. Ibẹ̀ ni Kanbe ti kó ìwà yìí. Ó ní èémí dà bí itọ́, ohun tó ń jáde lára ẹni ni, kò yẹ kéèyàn máa dà á sára ẹlòmíì.

Ó dáa. Kó wọ tiẹ̀ kó jókòó jẹ́ẹ́, ta ló máa bá a jà? Ṣùgbọ́n kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ìbòmú tuntun kì í wọ́n lápò ẹ̀, ẹni tó bá wúkọ́ lójú ẹ̀ ti gba ẹ̀bùn nìyẹn. Ó ti dá ọlọ́pàá dúró lórí kẹ̀kẹ́ rí, ó ní, “Ọmọ mi, imú rẹ wà níta,” bí ẹni ń sọ fún èèyàn pé ṣòkòtò ẹ̀ ya nídìí. Ọlọ́pàá náà tọrọ gáfárà, ó gbé e bo imú. Àjàkálẹ̀ àrùn ti kọjá lọ, ìjọba ti ní kí oníkálukú ṣe bó ṣe wù ú, Kanbe ní ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Èmi náà, ìrẹsì há mi lọ́fun lọ́jọ́ kan, mo wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ní, “Bàbá, ìrẹsì ni.” Ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti bá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Natsuho ṣàdéhùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ní ilé oúnjẹ ẹ̀bá ibùdókọ̀. Mo débẹ̀, ta ni mo rí lórí ìjókòó kejì sí tiwa? Bàbá Kanbe, ó gbé abọ́ núdù síwájú, ó tẹjú mọ́ mi bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò. Bí mo bá ti jẹun tán lẹ́nu, mo ní láti fa ìbòmú tó fún mi padà sókè. Natsuho bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá eyín mi kan ti yọ. Kò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ti bi í rí bóyá ẹnì kan kú ló fi rí báyìí. Mo rò pé ó máa sọ ìtàn tó máa jẹ́ kí n dárí jì í.

“Ta ló kú?” ó ní. “Ìwà ọmọlúàbí lásán ni. Àbí ó dìgbà tí ẹnì kan bá kú kéèyàn tó níwà?”

Wàyí o, Horii. Horii ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní igun òpópónà wa, ẹlẹ́fẹ̀ ni, ẹnu ẹ̀ ò nílẹ̀kùn. Òun àti Kanbe ti ń wẹ̀ ní ilé wa láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú. Àṣà wọn ni pé tí èyí bá fọ ẹ̀yìn ìyẹn lónìí, ìyẹn á fọ tèyí lọ́la. Wọ́n lè máa bára wọn jà nítorí ìdìbò, nítorí bọ́ọ̀lù, nítorí kẹ̀kẹ́ tí kò dúró bó ṣe yẹ, wọ́n á máa jà wọ́n á máa fọ̀ ọ́. Wọn kì í gbàgbé ẹni tó kàn. Nígbà tó dìgbà ìwọ́wé, wọ́n la àyà Horii ní ọsibítù, wọ́n gé ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ kan kúrò. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó lọ, òun ló fọ ẹ̀yìn Kanbe. Èmi ni mo ń fọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó gbá a lẹ́yìn pàá, ó ní, “Ìwọ ló kàn o, má ṣe bí ẹni pé o ò gbọ́.”

Kanbe wá jẹ gbèsè ẹ̀yìn kan jálẹ̀ ìgbà òtútù. Horii padà dé, ó rù hangogo, ohùn ẹ̀ ti di afẹ́fẹ́. Dókítà ní ó lè wẹ omi gbígbóná díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà ní Okayama ní kò lè dá gbé mọ́, òun ń bọ̀ wá fi mọ́tò gbé e lọ́jọ́ Sunday. Sátidé ló máa wẹ̀ kẹ́yìn ní ilé wa. Dókítà sì ti sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé ọ̀fìnkìn kékeré kan péré, irú èyí tí ẹ ń mú jáde lọ síbi iṣẹ́, lè gbé ọkùnrin yẹn dùbúlẹ̀ kó má dìde mọ́.

Ní Wednesday ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún Kanbe.

Ẹ ti wá rí bọ́rọ̀ ṣe dé inú omi pẹ̀lú ìbòmú. Láti Thursday ló ti ń dán an wò. Màmá àgbà ní lọ́jọ́ Friday pé, “Isao, ẹni tó ń wúkọ́ kì í wọ ibi ìwẹ̀ mi, ẹni tó wọ ìbòmú kì í wọnú omi mi. Méjèèjì lo jẹ́. Máa lọ sílé.” Kò jà. Ó tẹ orí ba gan-an, ó tọrọ gáfárà, ó wá lọ dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bàtà, kò kúrò níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń yà bàrá fún un. Ó ń lé owó sá fún wa. Nígbà tó yá, Màmá àgbà rọ́jú ránṣẹ́ sí i pé àwọn á ṣílẹ̀kùn ṣáájú àkókò lọ́jọ́ Sátidé, fún Kanbe àti Horii nìkan, kí wọ́n lọ parí ọ̀ràn wọn.

Sátidé, ó gbé ọ̀pá wá. Tàbí kí n ní ó ní kí èmi gbé e wá: ọ̀pá ọparun gígùn tí a fi ń sá táwẹ̀lì lẹ́yìn ilé. Ó ní kí n so kànrìnkàn mọ́ ṣóńṣó ẹ̀. Ètò ẹ̀ ni pé òun á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìmúra, níbi tí ooru ò ti pọ̀, òun á wọ ìbòmú méjì léra, òun á wá fi ọ̀pá fọ ẹ̀yìn Horii láti ibẹ̀. Mo so ó. Kí ni kí n ṣe?

Horii wọlé, ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ojú àpá ọsibítù náà gba abẹ́ apá ẹ̀ kọjá sẹ́yìn, ó ṣì pọ́n. Kanbe ti ọ̀pá náà lọ. Ó kọ́kọ́ kàn án ní etí. Lẹ́yìn náà ó gún un lọ́rùn.

“Kanbe,” Horii ní, kò bojú wẹ̀yìn, “ṣé ẹṣin lo rò pé o ń fọ̀ ni, àbí ẹja lò ń wá?”

“Jókòó dáadáa. O ń mì.”

“Èmi kọ́ ni mò ń mì. Ọ̀pá rẹ ló ń mì.”

Kànrìnkàn já bọ́. Mo tún un so, ó tún já. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa Horii, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tètè dáwọ́ dúró. Ó di ara ògiri mú. Mo wo Kanbe, bó ṣe di ọ̀pá mú, àwọ̀ ojú ẹ̀ ti lọ.

Nígbà tí Horii rí èémí gbà, ó ní, “Ju igi yẹn sílẹ̀. Bọ́ nǹkan ojú rẹ kó o wá fọ̀ mí. Ọ̀la ni mò ń lọ. Tí mo bá gba ọ̀fìnkìn rẹ lọ sí Okayama, n ó máa fi rántí rẹ.”

Kanbe gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ooru bá ìbòmú ẹ̀, ó wúkọ́ sínú méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ náà padà.

Inú ti ń bí mi. Mo ní, “Ó dáa, èmi á fọ̀ ọ́,” mo gbé kànrìnkàn, mo gbé ọṣẹ. Àwọn àgbà méjèèjì dá mi lóhùn pa pọ̀, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn, pé kí n fi í sílẹ̀. Horii ní gbèsè òun kò sí lọ́rùn mi. Kanbe ní kí n má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tèmi. Ohun tí wọ́n jẹ́ kí n ṣe kò ju kí n máa da omi gbígbóná sí Horii léjìká kí òtútù má mú un, títí ó fi sú u. Ó dìde, ó múra, ó mu ìgò mìlíìkì oníkọfí kan tán. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kanbe, Kanbe sì fẹ̀yìn ti ògiri kó lè jìnnà sí i.

“Ẹ̀yìn mi ṣì dọ̀tí o,” Horii ní.

Ọmọ ẹ̀ gbé e lọ ní ọjọ́ kejì.

Ikọ́ Kanbe lọ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó tún dúró ọjọ́ mélòó kan bí ó ṣe máa ń ṣe, kó lè dá a lójú pé ó ti lọ. Ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè lọ sí Okayama, ó ra kànrìnkàn tuntun, ó wá fi hàn Màmá àgbà. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, yóò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ gan-an, ó sín.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó yí padà sílé.

Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, èmi ni mo fa ọwọ́ ẹ̀. Dókítà yẹ imú ẹ̀ wò, ó ní eruku igi ni, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ogbó fún ẹlòmíì, kò lè ran ẹnikẹ́ni. Mo ní, “Bàbá, ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ máa lọ sí Okayama.” Kò tilẹ̀ wò mí.

“Imú dókítà yẹn wà níta nígbà tó ń sọ ọ́,” ó ní. “Ta ló máa gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́?”

Ó ṣì ń sín títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Àwọn igi orí òkè náà ò tíì parí tiwọn. Ní àná, fóònù ilé ìwẹ̀ dún, Horii ni, ohùn ẹ̀ tún ti fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí n sọ fún Kanbe pé ọmọ òun ń wẹ òun dáadáa, apá, ẹsẹ̀, orí, àmọ́ òun ti sọ fún un pé kó yọ ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹnì kan ló jẹ òun ní gbèsè ẹ̀yìn.

Kanbe ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bàtà, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo na fóònù sí i. Kò gbà á, ó ní èémí òun á lẹ̀ mọ́ ọn lára.

“Sọ fún un pé mo mọ̀,” ó ní, ó sì fa ìbòmú ẹ̀ sókè bo imú.