Àdírẹ́sì Kan fún Ẹ̀rọ Méjì

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, tó dàpọ̀ mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ni, ní Ìkọ̀lé níbí, èmi sì ni mò ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, orí tábìlì ló wà nínú yàrá káàdì, ṣùgbọ́n mo ti dọ́gbọ́n sí i: mo ṣẹ̀dá kọ̀ǹpútà méjì mìíràn sínú rẹ̀, àwọn tí ọwọ́ kò lè kàn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n dá dúró. Ọ̀kan ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, èkejì ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo fún ìkọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà dókítà fi ń wá a rí, bí a ti ń fi nọ́ńbà ilé wá onílé. Ìwọ náà á mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ládùúgbò. Orí mi wú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ní kí n wá ṣe ẹ̀kẹta fún yàrá oògùn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo débẹ̀. Kàkà kí n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣe ẹ̀dà èyí tó ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò, mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo ṣí i wò, ó ṣí. Ó ku kí n yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà. Bí mo ti fẹ́ ṣe é ni fóònù mi dún. Oníbàárà kan ní Ọ̀yẹ́ ni, ó ń bínú pé mo pẹ́. Mo fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo gun ọ̀kadà, mo lọ. Mi ò rántí mọ́.

Obìnrin olùkọ́ kan láti Ayébòdé wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà. Ó ti bímọ ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ó sì rẹ̀ ẹ́ gan-an. Dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò tètè ṣe tirẹ̀, ó fi èsì sínú ojúlówó kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò kí ọ̀sán tó pọ́n: ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára aláìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí dókítà bá wò ó, ẹ̀dà tí mo ṣe ló ń dá a lóhùn, torí àwọn méjèèjì ń jẹ́ àdírẹ́sì kan náà, ẹ̀dà náà kò sì mọ ohunkóhun ju ohun tó wà nílẹ̀ ní aago mẹ́wàá lọ. Kò sọ pé nǹkan bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé èsì kò tíì dé. Dókítà ń dúró. Àgbàlá kékeré kan ló wà láàrin yàrá dókítà àti yàrá àyẹ̀wò, kò sì sẹ́ni tó fẹsẹ̀ rìn ín títí di nǹkan bí aago mẹ́rin, nígbà tí obìnrin aláyẹ̀wò wá béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì wá gba ẹ̀jẹ̀ fún un. Wọ́n sáré fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí. Mo rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún dókítà. Ó jókòó, ó fọwọ́ bojú.

“Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa,” ló wí. “Ká tiẹ̀ tètè rí i, a ò mọ̀ bóyá ì bá yè. Jẹ́ kó mọ síbí.”

Ó mọ síbẹ̀ lóòótọ́, títí wọ́n fi ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ olóògbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo lọ sí Ayébòdé, nítorí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mo bá ọkọ rẹ̀ níwájú ilé, ó ń gé èbù iṣu. Ó gbé àpótí fún mi, ó rò pé mo wá kí wọn kú àṣẹ̀yìndè ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ààfáà sọ fún mi pé àsìkò rẹ̀ ló tó,” ló wí nígbà tó yá. “Mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀.” Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ìṣẹ́jú mélòó ni ìbá gbà ọ́?”

“Kò tó méjì, sà.”

Ìyá ọkùnrin náà tó ń gbọ́ ohùn wa láti inú ilé ké sí i pé, “Yèsí ni?”, ó fẹ́ mọ ẹni tó wà lóde.

“Ẹni tó wá kí wa ni,” ọkùnrin náà dáhùn. “Ó ti ń lọ.”

Mo dìde. Kò bú mi, kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Mo ti rò pé bí mo bá sọ ọ́ tán, ara á fúyẹ́, àmọ́ lójú ọ̀nà ló tó yé mi pé ìtùnú kan ṣoṣo tó kù fún ọkùnrin yẹn ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí mo sọ pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó tọ́ kó mọ̀. Mi ò yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún máa ń pè é ní ìgboyà, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀. Títí dòní, mi ò lè sọ fún ọ bóyá nítorí ọkùnrin náà ni mo ṣe lọ, tàbí nítorí ara mi.