Ìwọ̀n Fránkì Kan

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Pobè, tó jẹ́ pé ohùn obìnrin kan tó ń kọrin nínú àwo ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá ọkọ mi ló ni àwo náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ, níbi tó ti ń bójú tó àwọn ọ̀pẹ kéékèèké láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ohun méjì péré ló fi ń yangàn: àwọn ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ àwo orin rẹ̀. Mi ò mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì. Bó bá ti fọ ẹnu tán láàárọ̀, á nu àwo kan, á rọra gbé apá ẹ̀rọ lé e, á sì jókòó tì í bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí orin á fi tán.

Aránṣọ ni mí, Igana ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù ìyàwó mi dé, wọ́n sún tábìlì tí ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀ sí igun yàrá kí àpótí mi lè ráyè. Láti ọjọ́ náà ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti ń fò. Obìnrin inú àwo á kọrin dé àárín, á fẹsẹ̀ kọ, á bá ara rẹ̀ níbi tí kò fẹ́ lọ. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bíi pé ẹsẹ̀ mi ni kò dára. Èmi tí mo sì gbà pé ẹni tó bá mọ maṣíìnì ìránṣọ ti mọ gbogbo ẹ̀rọ ayé, mo mú ẹyọ owó kan, ti fránkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo gbé e lé apá náà, lókè abẹ́rẹ́ gan-an, mo fi òwú dúdú dì í mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ kò fò mọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá ọkọ mi ní, “Ọ̀gá Ẹ̀rọ la gbé níyàwó yìí o!” Orúkọ náà mọ́ mi lára. Mo ń rìn nínú ilé bí ẹni tó ru omi, orí mi kò yí síhìn-ín, kò yí sọ́hùn-ún.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Bàbá dá orin dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ìka bọ etí. Ó ní ohùn obìnrin náà ń ha, bíi pé ó bu iyanrìn sẹ́nu kọrin. Orin làwa gbọ́, a kò gbọ́ iyanrìn kankan. Ọkọ mi ní àgbà ló dé sí etí Bàbá; ẹ̀rọ ṣáà ti gba àtúnṣe, Ọ̀gá Ẹ̀rọ ti fọwọ́ kàn án. Ni gbogbo ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn. Bí a bá ń kí i káàárọ̀, ará ilé kejì á jẹ́ ẹ. Ọkùnrin tí kì í pa ìpàdé ẹbí jẹ kò lọ mọ́, ó ní òun kò fẹ́ jókòó láàárín èèyàn bí ère. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Sakété, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pé kó wá kó gbogbo àwo náà lọ lọ́jọ́ Àìkú.

“Àwo orin kì í gbé ilé adití,” bẹ́ẹ̀ ló wí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ohun tó kàn mí níbẹ̀.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, mo ń gé aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá jókòó nítòsí mi. Ó ṣàdédé gbórí sókè.

“Ìyàwó, ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé ti pọ́n. Ẹyọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já.”

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo jáde lọ wò ó. Ẹyìn kan wà lórí koríko lóòótọ́, ó pọ́n dáadáa, èèrà kò tíì dé ìdí rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Etí tó gbọ́ ẹyìn tó já sórí koríko, ṣé etí yẹn ló di?

Mo padà wọlé, mo gbé apá ẹ̀rọ sókè, mo fi ìka kan abẹ́rẹ́. Lẹ́búlẹ́bú dúdú lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ maṣíìnì máa ń ṣe sí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó bá tẹ̀ ẹ́ jù. Fránkì mi ló ń lọ àwo Bàbá bí ẹní lọ ata, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn etí aláìṣẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní mò ń lọ ra òwú, mo gun alùpùpù akérò lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Sakété. Nígbà tí mo ròyìn tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Màdáàmù, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é! Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹsẹ̀ tábìlì yín ná. Platíìnì, ìyẹn ẹ̀rọ àwo, tó bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sówó tó lè mú un dúró.”

Ó ta abẹ́rẹ́ tuntun fún mi, ó sì kọ́ mi ní ìyókù: kí n yí irin tó wà lẹ́yìn apá náà títí apá yóò fi dúró lófuurufú fúnra rẹ̀, tí kò ní lọ sókè, tí kò ní wá sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí n wá fún abẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n díẹ̀, kó má ju ti ẹyọ fránkì kan ṣoṣo lọ. “Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ó wí bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí Bàbá lọ wo oko, mo bu omi sínú abọ́, mo gbé e sórí tábìlì. Omi sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ kan tábìlì náà ti rì sínú kòtò kékeré nínú sìmẹ́ńtì, níbi tí àpótí èmi ìyàwó lé e dé. Mo fi àkísà aṣọ mẹ́ta tì í lẹ́sẹ̀, omi tẹ́. Mo já òwú dúdú mi, fránkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n já bọ́, mo sì fi abẹ́rẹ́ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Mo yí irin ẹ̀yìn títí apá fi dúró lófuurufú. Mo wá fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo gbé rúlà ìránṣọ mi dábùú lé e. Mo fi ẹyọ fránkì kan, èyí tí kò ra nǹkan kan lọ́jà mọ́, sí ìpẹ̀kun kan, mo rọra gbé abẹ́rẹ́ lé ìpẹ̀kun kejì. Abẹ́rẹ́ borí. Mo yí irin. Fránkì borí. Mo ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán. Mo tún yí i bíńtín, rúlà náà mì díẹ̀, ó sì dúró gbọọrọ. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kò lè gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ran èmi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rẹ́ Bàbá dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú àpò méjì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ẹyọ kan kí wọ́n tó kó wọn.” Mo yan àwo kan tí fránkì mi kò tíì kàn. Bí abẹ́rẹ́ ṣe balẹ̀, ohùn jáde kedere, èèyàn ń gbọ́ ìgbà tí olórin ń mí. Bàbá ní, “Ẹ dákẹ́!” bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì di etí, ó ṣí i, ó tún dì í.

“Etí mi ò di! Ẹ gbọ́ o, etí mi ò di!”

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Mo gbé fránkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà síwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ tí mo fi ń yan kiri ń lọ nìyẹn. Ó wo owó náà, ó wo ọkọ mi, ọkọ mi ń wo òrùlé.

“Oṣù mélòó lẹ ti ń pariwo mọ́ mi?” Ó wá yíjú sí mi. “Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń pè ọ́ ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Òní ló di orúkọ rẹ.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká àpò rẹ̀ méjèèjì, ó wúkọ́ díẹ̀. “Ìyàwó, ti èmi ní Sakété, fránkì àádọ́ta ló wà lórí rẹ̀.”

Bàbá ti dolóògbé báyìí. Kó tó lọ, ó ní kí ọmọkùnrin kankan má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ti Ọ̀gá Ẹ̀rọ ni. Láti Issaba dé Sakété, àwọn tó ṣì ní irú rẹ̀ ń ránṣẹ́ pè mí, mo sì ń lọ pẹ̀lú rúlà, ẹyọ ìgbálẹ̀ àti fránkì kan nínú báàgì. Mo ń yangàn, mi ò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n àwo obìnrin àárọ̀ yẹn kò padà sípò mọ́. Ọgbẹ́ fránkì mi ṣì wà lára rẹ̀, mo sì máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ nígbà mìíràn. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin dúró tì mí, ó ti ìka bọ etí.

“Màmá, ṣé etí mi ni àbí kí ni? Ohùn obìnrin yìí ń ha.”

Mo fà á mọ́ra. Mo ní, “Etí rẹ dára. Ọwọ́ mi ni.”