Ìkòkò Tí Díákónì Màmúdù Ń Ṣí Wò

Bí ìṣẹ́ bá jẹ́ ìdánwò, Díákónì Jákọ́bù Màmúdù ni alábòójútó rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò fún ìjọba, ìfẹ̀yìntì kò sì gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àdúgbò Fate, òun ni alága ìgbìmọ̀ àánú. Àánú ọ̀hún sì rèé, fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́ta ni.

Ká sọ tòótọ́, ojú bàbá yìí ti rí nǹkan. Nígbà kan, ọkùnrin kan sunkún níwájú pẹpẹ títí gbogbo ìjọ fi bá a sunkún, wọ́n bá gbé àpò ìrẹsì méjì fún un. Lọ́jọ́ kejì, Díákónì bá a ní ọjà Ìpàtà níbi tó ti ń ta ìrẹsì náà, àmì ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára àpò. Ó dùn ún wọra. Láti ọjọ́ náà ló ti ní ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí, àfi kí òun dé ilé ẹni kí òun ṣí ìkòkò rẹ̀ wò. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Tiwa kò tiẹ̀ sá, igi ló mú, ó ń na ekòló.

Ekòló tó kàn ni Sístà Jummai. Ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Gáréèjì Ọ̀fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Opó ni, ẹ̀wà sísè tó ń kiri tà ló fi ń bọ́ ọmọ méjì. Ó bẹ ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n fún àwọn lóúnjẹ títí òun yóò fi lè rìn. Díákónì gbé fáìlì, ó di ilé rẹ̀.

Ó ṣí ìkòkò kìíní, omi ló bá níbẹ̀. Ó ṣí èkejì, kò sí nǹkan kan. Bó ti fẹ́ sàmì pé ó tòṣì dáadáa ni àgbò kan ké lẹ́yìnkùlé.

"Sístà, ta ló ni àgbò?"

"Ti Àlàájì onílé wa ni, sà. Iléyá ti sún mọ́lé, ẹ̀yìn yàrá mi ló ní ibòji."

"Hùn-ún."

"Haba, Díákónì! Ẹ bi wọ́n wò, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa."

Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ó ń sin ẹran, ó ní ti onílé òun ni. Kò tòṣì." Bí Sístà Jummai ṣe fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣẹ́ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ fi àdúrà ránṣẹ́ sí i, nítorí àdúrà kò nílò fọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn Iléyá ni pásítọ̀ ka fáìlì náà. Ó ní, "Díákónì, ṣé ẹ bi ẹni tí wọ́n ló ni ẹran?" Ojú ti bàbá tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá tíṣà wí pé iṣẹ́ wọn kò pé. Ó padà lọ.

Ó bá Àlàájì Abdulmumini lórí ẹní níwájú ilé, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Jummai jókòó lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

"Àgbò? Tèmi ni, a ti pa á jẹ. Kí ló dé?"

Díákónì ní òun kàn ń ṣe ìwádìí nípa obìnrin yẹn.

"Jummai? Látọjọ́ tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti kán, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ ń bá wa jẹun ni. Wàláì, mo fẹ́ wá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lọ, ìyàwó mi ní bóyá kò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí a ò rẹ́nì kankan." Àlàájì wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Díákónì rọra ti fáìlì sábẹ́ abíyá.

"Ojúlùmọ̀ ni wá."

Jummai gbọ́ ọ. Kò tiẹ̀ yíjú sí i.

"Òótọ́ ni, Àlàájì," ó ní. "Ojúlùmọ̀ lásán ni wọ́n."