Àmúsà, Ògbufọ̀ Fíìmù Tamil

Télọ̀ ni Àmúsà l'Ẹ́gbẹ́dá, òun náà ló ń túmọ̀ fíìmù Tamil, èdè àwọn ará Íńdíà kan, fún wa nílé fídíò, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ o!

Lọ́jọ́ kan, a rí bàbá kan nínú fíìmù lórí àga, òdòdó lọ́rùn rẹ̀, gbogbo abúlé ń jó níwájú rẹ̀. Àmúsà ní, “Ọkọ ìyàwó nìyẹn!” A bá ń ṣàdúrà ìbejì fún un. Àfi bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sórí òkìtì igi ìdáná, tí wọ́n ṣáná sí i!

Mọ̀dínátù elépo fò dìde: “Àmúsà, òkú lo ní ká gbàdúrà ọmọ fún? Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ Ìkòtún lọ jàre!”

Gbogbo wa dìde. Àmúsà ń làágùn. “Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Òtútù ló ń mú ọkọ ìyàwó.”

Ẹ̀rín wa ká páànù ilé náà dé Ìgandò. Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló ní kó máa túmọ̀ lọ.