Kọ́kọ́rọ́ Tí Àkókò Rẹ̀ Kò Tíì Tó

Ìyá mi kì í jẹ́ kí aago kankan nínú ilé wa sọ òótọ́. Gbogbo wọn ló fi ìdajì wákàtí sáré síwájú, kí a má baà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sí pálọ̀ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ó ní kí n sún tiẹ̀ náà síwájú, mo sì sún un. Ta ló fẹ́ bá ìyá tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ jiyàn?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ kan ń dúró dè mí, èyí tí màá lè máa ṣe láti ilé. Bí n kò bá rí i gbà, Àbújá ni mo tún ń padà lọ, èmi tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí lójoojúmọ́. Àwọn tó fẹ́ gbà mí kì í ka ímeèlì tí a kò fi kọ́kọ́rọ́ buwọ́ lù, ìyẹn àmì inú kọ̀ǹpútà tó ń fi hàn pé èmi gan-an ni mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi dé ọ̀dọ̀ àwọn kó tó di aago méjìlá ọ̀sán. Mo ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, mo fi ẹ̀dà tí wọn yóò fi dá a mọ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo dá aago kọ̀ǹpútà padà sípò, kí lẹ́tà mi má baà gbé àkókò irọ́ dé iwájú ọ̀gá.

Ètò ímeèlì tí mò ń lò kò ní àwòrán, kò gba máòsì. Ọ̀rọ̀ funfun lójú dúdú ni. Mo ní kó buwọ́ lu lẹ́tà náà, ó kọ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀, ó kọ̀. Mo tú gbogbo ètò rẹ̀ wò, mo ń bú u. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ ka ohun tó kọ sísàlẹ̀ ni mo rí i: ó ní àkókò tí wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́ náà kò tíì dé. Aago ìyá mi ni mo fi ṣe é.

Ẹ̀rín pa mí. N kò lè ṣe kọ́kọ́rọ́ mìíràn, èyí ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sì tún sún aago síwájú, àwọn náà yóò rí ìbuwọ́lù tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Àfi kí n jókòó dè é.

Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé aago rẹ̀ ló dá mi dúró.

"Òun náà ló jẹ́ kó o tètè bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Wá jẹun."

A jẹ iṣu àti ẹja. Aago ara ògiri kọjá méjìlá. Ní ti aago ìyá mi, iṣẹ́ ti bọ́, àmọ́ méjìlá gan-an kò tíì lù. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó buwọ́ lù ú láìjanpata, mo sì fi ránṣẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀ lẹ́yìn Òkè Patti, èsì dé: wọ́n gbà mí. Inú mi dùn gan-an. Mo kà á sí ìyá mi létí. Ó wọ yàrá mi lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ mi jáde nínú báàgì tí mo ti dì de Àbújá.